Ìkíni Tí Ẹ̀rọ Ata Gbé Mì

Muṣin, Èkó.
Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Bùsáyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi àtàtà,

Nígbà tí o pè mí ní Ọjọ́rú, o sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, n kò sì rí ju "hùn-ún" àti "mo ń gbọ́" lọ fi dá ọ lóhùn. Kì í ṣe pé n kò ní èsì. O mọ ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo bá fi máa rí èyí tó yẹ kí n sọ, ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ti délé, ó ti jẹun, ó ti sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé yìí, tí mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti òwúrọ̀. Jọ̀ọ́, má kà á lórí ìdúró. Wá ibì kan fìdí lé.

Mo rántí gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. O ní Káyọ̀dé ọkọ rẹ máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì tútù sórí bẹ́ẹ̀dì. O ní bó bá mu tíì tán, ibi tó bá ti mu ún ni kọ́ọ̀pù ń sùn. O ní ìyá rẹ̀, tí ẹ jọ ń gbé ní Òṣogbo, a máa bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ rẹ láì bi ọ́, àti pé ó ti tún ìkòkò rẹ tò ní ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì. O ní adìyẹ ará ilé kejì ń yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà yín. Lẹ́yìn náà lo wá sọ èyí tó jẹ́ kí n mú bírò: pé o ti di báàgì kan, pé o fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ ti ṣègbéyàwó.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, ìwọ ni o ó sì dá ara rẹ lóhùn. Ṣé Káyọ̀dé ń nà ọ́? Ṣé wọ́n ń bú ọ, àbí wọ́n ń febi pa ọ́? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà níbẹ̀, pa lẹ́tà yìí dé, kí o máa bọ̀ lónìí. Má tilẹ̀ dúró mú báàgì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ táwẹ́ẹ̀lì àti kọ́ọ̀pù àti iyọ̀ àti adìyẹ ni, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí ilé tí o fẹ́ sá wá yìí kì í ṣe ilé ìdákẹ́jẹ́.

Èkíní. Má tètè yọ ohun tó ń bí ọ nínú kúrò láì wo ohun tó so mọ́ ọn.

Ọdún tí mo dé ilé bàbá rẹ, rédíò rẹ̀ ni ọ̀tá mi. Bó bá ti jí báyìí ló ń tàn án, kì í sì í fi sí ìkànnì kan dáadáa, gbogbo ilé á kàn máa hó bí epo tí wọ́n ń dín nǹkan nínú rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan, mo yọ bátìrì inú rẹ̀, mo jù ú sí ṣáláńgá. Bàbá rẹ kò bi mí léèrè. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ rédíò nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì. Nígbà tó yá, ibẹ̀ ló ti ń jẹun alẹ́. Odindi ọyẹ́ kan ni mo fi jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi rà, tí mo ń wo ọbẹ̀ tó ń dì. Ìgbà náà ló yé mi pé nígbà tí rédíò ń hó, bàbá rẹ máa ń bá mi sọ̀rọ̀ láàárín ìhó yẹn: "O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yẹn?" "Ìyá ọmọ mi lọ́la, gbọ́ orin yìí." Mo wá bátìrì tuntun, mo fi sínú rẹ̀, mo tan rédíò náà sílẹ̀ dè é. Ó wọlé, ó dúró, ó tẹ́tí. Ó ní, "Ó jọ pé ohùn rẹ̀ já gaara sí i." A kò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Nítorí náà, wo táwẹ́ẹ̀lì yẹn dáadáa. Ẹni tó ń ju táwẹ́ẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì ní àárọ̀ jẹ́ ẹni tó sun ilé lánàá, tó wẹ̀ nílé, tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Sọ fún un pé kó máa sá a. Bó bá gbàgbé, sá a. N kò sọ pé kí o fẹ́ràn rẹ̀.

Èkejì kúrú. Ọ̀rọ̀ kékeré, ìgbà tó ṣì kéré ni kí o sọ ọ́. Oṣù méje ni mo fi gbé ẹ̀sùn ìyá ọkọ mi mì láì sọ̀rọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kan, nítorí ìgbákọ lásán, mo da gbogbo oṣù méje náà lé obìnrin náà lórí lójú àwọn àlejò. Ìgbákọ náà kò tilẹ̀ sọnù. Abẹ́ tábìlì ló wà. Eyín àti ahọ́n pàápàá ń jà, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró di ọjọ́ àlejò. Bí ọbẹ̀ rẹ bá fẹ́ jinná, kí o tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá Káyọ̀dé, sọ pé, "Màmá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Ẹni tí a fún ní ọbẹ̀ tọ́ wò kò tún ní fi iyọ̀ sí i lẹ́yìn wa.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé, ó sì gùn. Mo máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ.

Ìdánwò ìkọ́ni tí mo ṣe ní sáà tó kọjá, tí mo sọ fún gbogbo yín pé ó lọ dáadáa, kò lọ dáadáa. Mo fìdí rẹmi. O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Iléṣà láì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ ti dàgbà tán, bàbá rẹ ní kí n lọ gba ìwé náà. Báyìí ni mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yábàá ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ní ọjọ́ ìdánwò náà, olùyẹ̀wò méjì jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ètò mi ni mo kọ́ àwọn ọmọ náà, n kò fo ẹyọ kan. Nígbà tí èsì jáde, gbólóhùn kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: a kò gbọ́ olùkọ́. Wọ́n ní mo lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bí mo bá tún kùnà, kí n di ẹrù mi padà sí Iléṣà.

Ẹrù yìí ló wà lọ́kàn mi, Àbẹ̀kẹ́, nínú ilé tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Yàrá mẹ́fà ló kọjú sí yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wọ́n láàárín. Ilé ìdáná kan ni gbogbo wa ní lẹ́yìn. Ẹ̀rọ omi kan ló wà lójúde, ojúde yìí náà ni Mùrí, tó ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sí, lábẹ́ fèrèsé mi gan-an. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń dún. Bí wọ́n bá gbé ata gbígbẹ wá, èmi tí n kò ra ata ni n ó máa sín.

N kò ní ọ̀rẹ́ kan. Ní Yábàá, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Mọ́mì, wọ́n á sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ohun tó sì sọ kò ju pé kí n sún. Ṣùgbọ́n ojú mi kì í sinmi. Láì bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé obìnrin yàrá kẹrin máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé ó dùn. Mo mọ̀ pé Mùrí kì í kọrin àfi bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń dún, nítorí ó rò pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ òun. Ohùn rẹ̀ kò dára, Ọlọ́run ló ṣe wá ní oore tí ẹ̀rọ fi ń bò ó.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi kórìíra mi. Bí omi bá ti dé, wọ́n á máa ké sí ara wọn láti yàrá dé yàrá, wọn kò ní ké sí mi. Ìgbà tí n ó bá fi jáde, omi ti lọ. Bí mo bá gbé ìkòkò kalẹ̀ sí ilé ìdáná, n ó bá a ní igun. Bí wọ́n bá ń pín ọjọ́ gbígbá ojúde, wọn kì í dárúkọ mi, bí ẹni pé n kò sí nínú ilé. Mo rò ó títí. Mo ní bóyá nítorí pé Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, tí èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní bóyá nítorí Ìjẹ̀ṣà tí mo jẹ́ ni. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú, bí mo ṣe ṣe ti ìgbákọ, inú mi sì ń gbóná lójoojúmọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ń kọjá lọ pẹ̀lú garawa òfìfo. Àlàájà Sìkírá, àgbà ilé wa, jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ogójì ọdún ló fi ta àwo tánganran ní Ọ̀yìngbò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní òun ò lọ mọ́. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi dí mi lọ́nà.

"Ìyá Ìjẹ̀ṣà," ó ní, "kí la fi ṣẹ̀ yín nílé yìí?"

"Ẹ̀yin" tó lò fún mi yẹn dùn mí ju ọ̀pá lọ. Àgbà tó bá ń pe ọmọdé ní ẹ̀yin ti tì í jìnnà. Mo ní wọn kò ṣẹ̀ mí.

"Oṣù mẹ́ta lẹ ti ń kọjá níwájú mi láàárọ̀, ẹ kì í kí mi. Àkọ́bí mi ju yín lọ."

Ẹnu yà mí. Mo ní mo ń kí wọn, pé kò sí ọjọ́ tí n kò kúnlẹ̀.

"Mo rí ìkúnlẹ̀," ni Àlàájà wí. "Mo rò pé bàtà lẹ ń tún ṣe."

Mùrí pa ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Obìnrin yàrá kẹrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti sọ fún ọkọ òun pé kó bá ìyá yẹn wá ẹni tó ń ran bàtà, nítorí ó jọ pé okùn rẹ̀ máa ń já ní ojú kan náà lójoojúmọ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ilẹ̀ kò lanu gbé mi. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Iléṣà ni mo ń ṣe: obìnrin tó níwà kì í gbé ohùn sókè bó bá ń kí àgbà, yóò wolẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ níwájú ẹ̀rọ ìlọta. Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ̀rọ ata ló ń gbé ìkíni mi mì, gbogbo ilé sì ń rò pé agbéraga ni mí. Èmi tí mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ń tọ́ ọbẹ̀ wò, n kò mọ ohun tí àwọn náà ń rí lára mi.

Àlàájà gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Láti ọ̀la, o ó dúró síbi tí o dúró sí yìí, o ó kí mi títí n ó fi gbọ́. Mùrí ò sì ní pa ẹ̀rọ." Mo gbọ́ pé "o" ti dé. Inú mi dùn débi pé n kò rántí pé ìyà ni wọ́n dá fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo kí i lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó gbé ọwọ́ sókè pé òun gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni omi dé ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí ohùn mẹ́rin pè mí lẹ́ẹ̀kan náà pé kí n gbé garawa mi jáde. Mo kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ná, kí n lè gbọ́ wọn tún un pè.

Ìgbà tí mo ń pọn omi yẹn ni ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn: ohun kan náà ni ohun tí Àlàájà sọ àti ohun tí àwọn olùyẹ̀wò kọ. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè là á fún Àlàájà, pé mo ti fìdí rẹmi rí, pé ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún mi. Kò káàánú mi. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Mo ní bí omi ṣe ń di òjò. Ó ní kí n lọ gbé ìwé mi wá, kí n dúró sápá ọ̀hún ojúde, kí ẹ̀rọ wà láàárín àwa méjèèjì, kí n máa kọ́ òun.

Mo pariwo. Ohùn mi há. Àlàájà mirí. "Má bá a jà," ó ní. "Kì í rẹ ẹ̀rọ. Wá abẹ́ rẹ̀ gbà, kí o sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń retí òun."

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní Yábàá pọ̀, kò sí èyí tó tó gbólóhùn yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ẹ̀rọ tí mo ti ń ṣépè fún. Mo wá mọ ìgbà tó ń mí, ìgbà tí Mùrí ń fi ọwọ́ gbá ata sísàlẹ̀, ìgbà tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè tí tèmi lè gba ìsàlẹ̀ kọjá. Àràárọ̀ ni. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Mùrí bẹ̀ mí: "Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn fa omi lọ sókè, ó di ìkùukùu. Ó ti yé èmi, ó ti yé ata. Ẹ kọ́ wa ní òmíràn."

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn Ọ̀yìngbò ni wọ́n gbé wa lọ fún ìdánwò, ojú irin sì gba ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ kọjá. Àwa márùn-ún ni. Ọmọkùnrin tó ṣáájú mi mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì. Ọkọ̀ ojú irin dé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó dúró, ó ń retí kó kọjá, nígbà tó sì kọjá, kò rántí ibi tó wà mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe orúkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi àwọn ọmọ náà pé níbo ni omi ara aṣọ tí a sá ń gbà lọ, ni ọkọ̀ mìíràn bá tún dé, ó ń fọn fèrè bọ̀, fèrèsé sì ń gbọ̀n. Orí mi ní kí n dúró. Ẹnu mi kò gbà. Mo wá abẹ́ rẹ̀ gbà. Mo rìn lọ sáàárín àwọn ọmọ, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, n kò kánjú. Ọkọ̀ náà kò tíì kọjá tán tí ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olùyẹ̀wò, fi nawọ́ sókè, tó ní, "Oòrùn ló gbé e, mà." Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó ń wò mí. Ó wò mí títí mo fi parí.

Àná ni wọ́n lẹ èsì. Mo yege. Ọ̀gá ilé-ìwé náà ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gba kíláàsì kan lọ́dọ̀ wọn.

Mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà, mo ní, "Àlàájà, mo yege." Ó gbé ọwọ́ sétí, ó ní òun ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, Mùrí ti pa ẹ̀rọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun ò gbọ́. Mo sọ ọ́ títí gbogbo ojúlé fi jáde, tí obìnrin yàrá kẹrin fi gbé mi mọ́ra, tí Mùrí kọrin láì sí ẹ̀rọ tó máa bò ó.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Mo ti mọ òwe yìí látìgbà èwe mi, mo sì máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dé Muṣin ni ó tó yé mi.

Má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé gbogbo ìnira ilé ló ní oore nínú. Mo ti ro ti adìyẹ yẹn títí, n kò rí oore kankan nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Gbá a, kí o sì lọ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú tí a fi ń wo ẹlòmíràn kì í jẹ́ ká rí ara wa. O mọ ohun tí Káyọ̀dé ń ṣe tó ń bí ọ nínú. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tí ìwọ ń ṣe? Bi í, kí o sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dáhùn tán. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kí àwọn èèyàn tí kò gbọ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà máa sọ ìfẹ́ rẹ jẹ́jẹ́ nínú ilé tí ariwo wà.

Kí o sì máa dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí ohun kan péré láàárọ̀. Bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà. Èmi, bí ẹ̀rọ bá ti tàn ní aago mẹ́fà, n ó sọ pé, "Mùrí ti jí," n ó sì dìde. Inú kì í tún bí mi.

Tú báàgì yẹn. Bí ìsinmi bá dé, kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ wá kí mi. Yàrá mi kéré fún ẹni tó sá kúrò nílé, ṣùgbọ́n ó gba àlejò méjì dáadáa.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ méjìlélógójì ni n ó dúró níwájú wọn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ní orúkọ ara mi. Bàbá rẹ ti gbọ́, ó ti sọ fún gbogbo Iléṣà. Inú mi dùn, ọmọ mi, ìdùnnú náà pọ̀ débi pé mo fẹ́ kó kàn ọ́. Nítorí náà, n kò ní gbàdúrà pé kí ìyọlẹ́nu tán nílé rẹ. Kí èèyàn máa wọlé, kí wọ́n máa jáde. Kí ọmọ máa ké, kí àwo máa dún, kí àgbà máa ráhùn. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ dákẹ́ láé.

Èmi ni, ìyá rẹ tó bí ọ,
Ìyá Ìjẹ̀ṣà ti Muṣin.